Àgbà Tí Ara Rẹ̀ Ń Di Hẹ́gẹhẹ̀gẹ Nínú Ilé: Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Kí ni àìlera ọjọ́ ogbó gan-an?

Ìgbà tí agbára tí ara tọ́jú pamọ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni, débi pé nǹkan kékeré ń gbé àgbà ṣánlẹ̀. Ibà tó mú ẹni ogójì ọdún, tó lo oògùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, lè dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀ fún odindi oṣù kan. Nígbà tí ibà bá sì lọ tán, ìyá ò ní lè dá lọ sí balùwẹ̀ mọ́. Ibà kan náà ni. Ara tó bá ló yàtọ̀.

Ó lè wà láìsí àrùn kan pàtó. Ẹlòmíì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ fún ogún ọdún, ara rẹ̀ ṣì le koko. Ẹlòmíì ò ní àrùn tí dókítà lè dárúkọ, agbára rẹ̀ sì ti lọ. Iṣan ló sábà máa ń kọ́kọ́ jò. Bí iṣan bá jò, ẹsẹ̀ á máa wọ́; bí ẹsẹ̀ bá ń wọ́, àgbà á jókòó sójú kan; bó bá jókòó pẹ́, ebi ò ní pa á; bí kò bá jẹun, iṣan á tún jò sí i. Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ lè dá a dúró, nígbà míì ẹ tiẹ̀ lè gba díẹ̀ padà nínú agbára tó ti lọ.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà ló máa kàn?

Rárá. Ẹ máa rí ìyá ẹni ọdún 80 tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè Màpó n'Ìbàdàn, ẹ ó sì rí bàbá ẹni ọdún 65 tí kò lè rìn dé ẹnu géètì. Gbólóhùn tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni “ogbó ló dé”. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ogbó ló dé. Kò jẹun tán, ogbó ló dé. Ogbó fúnra rẹ̀ máa ń rọra wá ni, láti ọdún dé ọdún. Ohun tó bá yí padà láàrin oṣù mélòó kan ní ohun tó fà á, ẹ wá a.

A ò mọ ọjọ́ orí Màmá. Ṣé ó ṣe pàtàkì?

Ó ṣe pàtàkì díẹ̀, torí dókítà máa ń wo ọjọ́ orí kó tó pinnu oògùn àti àyẹ̀wò. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú wá a. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana lò nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàrin àwọn àgbà Ìdíkàn, àdúgbò kan n'Ìbàdàn, láti 1992. Bí Màmá bá ti tó gbé igbá ọjà lórí nígbà tí Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú Ìbàdàn, kú ní oṣù kẹta 1958, á ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, nítorí náà wọ́n bí i ní nǹkan bí 1948. Bó bá ti ní ọmọ kan lẹ́yìn nígbà wétìẹ̀, ìjà òṣèlú nǹkan bí 1965, á ti bọ́ sí ogún ọdún nígbà yẹn. Omíyalé Ògùnpa ní 1980 wúlò fún ọjọ́ orí àwọn ọmọ, kì í ṣe ti àwọn ìyá.

Àmì wo la lè fojú rí láàrin ilé?

Àmì márùn-ún ni àwọn dókítà sábà máa ń wò, láti inú iṣẹ́ tí Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001: kí àgbà máa rù láìgbèrò rẹ̀, kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ má lè di nǹkan mú dáadáa mọ́, kí ìrìn máa fà, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ lo ara mọ́. Mẹ́ta lára wọn ti tó láti sọ pé àìlera ti dé. Ẹyọ kan tàbí méjì, ó ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn, ìgbà yẹn gan-an ló sì rọrùn jù láti ṣe nǹkan sí i.

Ẹ wo ọwọ́ ìyá tó bá ń ro àmàlà. Ẹni tó ń ro ti gbogbo ilé tẹ́lẹ̀ á gbé ìkòkò sílẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di orógùn mú, á dúró láàrin kó tó parí, àmàlà á sì ní kókó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ̀kọ ló kù tó ń rà, àwọn ará ilé á sì máa sọ pé ẹ̀kọ ni Màmá fẹ́ràn báyìí. Bákan náà ni kó máa pe ọmọ láti bá a fún aṣọ tó fọ̀, tàbí láti bá a ṣí ìdérí ìgò omi.

Ẹ wo ògiri tó wà láàrin yàrá rẹ̀ àti balùwẹ̀. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ní ipa ọwọ́ tó dúdú, tó wà lójú kan náà, ó ti ń fi ògiri rìn nìyẹn, kò kàn sọ fún yín ni. Ẹ wo bó ṣe ń dìde lórí àga: ṣé ó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, ṣé ó ń mì síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kó tó dìde? Ìró tó ń wé ara lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ ti ń wé e lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Òrùka ń yọ́ bọ́. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, ó ní ojú ọ̀nà ti bàjẹ́. Ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́ láti ọdún márùn-ún, ó sì ń lọ.

Àárẹ̀ ni kò ṣeé fojú rí, ẹ ní láti béèrè ni: “Láàrin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni gbogbo nǹkan tí ẹ ń ṣe dà bíi pé ẹ ń fi tipá ṣe é?” Bó bá tó ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kà á sí àmì.

Màmá sanra dáadáa. Ó lè kan òun náà?

Ó lè kàn án. Ọ̀rá lè bo iṣan tó ti jò mọ́lẹ̀, omi inú ẹsẹ̀ tó wú náà sì lè mú kí ìwọ̀n máa sọ pé kò rù. Fún irú wọn, àyẹ̀wò àga tó wà nísàlẹ̀ yìí sọ òótọ́ ju ìwọ̀n kílò lọ.

Àyẹ̀wò wo la lè fúnra wa ṣe?

Mẹ́ta ni, aago fóònù àti téèpù ni ẹ sì máa lò. Àkọ́kọ́ ni ìrìn mítà mẹ́rin. Ẹ wọn mítà 4 sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí àyè sì wà lẹ́yìn òpin rẹ̀ kó má baà dín eré kù kó tó débẹ̀. Kó wọ bàtà tó máa ń wọ̀, kó mú ọ̀pá bó bá ń lò ó, kó rìn bó ṣe máa ń rìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú èyí tó yá jù. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ìrìn ti fà nìyẹn.

Ìkejì ni àga. Ẹ lo àga onígi tí kò ní ibi tí wọ́n ń gbé apá lé, tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Kó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kó dìde dúró ṣánṣán kó sì jókòó, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, tàbí kò lè ṣe é láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, agbára itan ti dín kù. Ẹ má lo àga ńlá onítìmùtìmù inú pálọ̀. Ó rì, ó sì lọ sílẹ̀, ọ̀dọ́ pàápàá á jà kó tó dìde níbẹ̀.

Ìkẹta pa méjèèjì pọ̀: kó dìde lórí àga, kó rin mítà 3, kó yí padà, kó wá jókòó. Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu kó ṣubú. Ẹ wo bó ṣe ń yí padà ju aago lọ: ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèké márùn-ún mẹ́fà kó tó yí padà, tàbí tó ń nawọ́ wá ohun tó máa dì mú, ẹ gbà pé ìdúró rẹ̀ ò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó ń ba àyẹ̀wò wọ̀nyí jẹ́ pọ̀. Ìró tó fún mọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́, tí Bàbá á fi sáré láti fi hàn wọ́n pé òun ṣì wà. Ọjọ́ tí orúnkún ń dùn ún. Ọjọ́ tó gbààwẹ̀. Kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ má sì ṣe é fún ẹni tí òòyì ń kọ́ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòsàn. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye ìṣẹ́jú àáyá sínú ìwé, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Làkúrègbé tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ àtijọ́ náà lè mú kí àgbà kùnà, nítorí náà ìyàtọ̀ láàrin ti àná àti ti òní ló ṣe kókó jù.

Kò sí ìwọ̀n nílé. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń rù?

Ẹ yá téèpù télọ̀. Ẹ wá agbedeméjì eegun èjìká àti ìgúnpá ọwọ́ òsì, kó jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀, ẹ wọn yíká apá láìfún un. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kó ti rù jù. Lẹ́yìn náà kó jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, ẹ wọn ibi tí ẹran ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù láàrin orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Bí kò bá tó 31, iṣan ti jò. Bí ẹsẹ̀ bá wú, ẹ má gba ìwọ̀n yẹn gbọ́.

Bí ẹ bá rí ìwọ̀n lò ní kẹ́míìsì, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọdún kan ni ààlà: ẹni tó wọn kílò 60 tó wá di 57 láìgbèrò rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Kí àwọn ará ilé má sì rò pé oúnjẹ nìkan ni. Eyín tó ń mì, oògùn tó ń mú ẹnu korò, ìbànújẹ́, ikọ́ ife, àtọ̀gbẹ tí kò sí lábẹ́ àkóso, jẹjẹrẹ, gbogbo wọn ló lè mú ènìyàn rù. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ike oògùn amúnijẹun.

Kí ló yẹ kó máa jẹ?

Èyí tó ń kọ́ iṣan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà, wàrà, mílíìkì. Àgbà nílò gíráàmù 1 sí 1.2 pùrótéènì lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, nítorí náà ẹni kílò 55 ń wá 55 sí 66. Ẹyin kan ní bíi 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi 15. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin mílíìkì oníyẹ̀fun tí ẹ pò mọ́ ògì ní bíi 7. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé àmàlà àti ewédú pẹ̀lú ẹran kékeré kan lójúmọ́ ò sún mọ́ ọn. Gbẹ̀gìrì ń ṣèrànwọ́ bó bá ki. Èyí tó ṣàn bí omi, àwọ̀ lásán ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran inú abọ́ Màmá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyá á jẹ òkèlè, á bu ẹran fún ọmọ-ọmọ tó jókòó tì í. Ìwà ìyá ni, ẹ ò sì lè kọ̀ ọ́ fún un. Ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé oúnjẹ wá, tàbí kẹ́ ẹ lọ ẹran àti edé mọ́ ọbẹ̀, kò ní lè ṣà á yọ. Fún ẹni tí kò léyín: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin tí wọ́n pò mọ́ ọbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sàn ju abọ́ ńlá méjì lọ.

Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ gba ìṣọ́ra. Wọ́n sọ fún Bàbá pé kó má jẹ iyán, kó má jẹ ìrẹsì, kó má jẹ ẹ̀bà, ó sì gbọ́ràn débi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú díẹ̀ ló kù tó ń jẹ, ó wá ń gbẹ lọ. Àgbà tó ń rù kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ oúnjẹ lọ́nà líle bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó tún un ṣe. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, kó béèrè kó tó fi kún ẹran àti ẹ̀wà.

Omi náà ńkọ́? Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà, ọ̀pọ̀ ìyá sì ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún omi torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà. Ife mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, àyàfi bí dókítà ọkàn tàbí ti kíndìnrín bá ti ní kó dín in kù.

A ti gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi. Ṣé a ṣe dáadáa?

Lójú tiwa, ibi tí àwọn ọmọ rere ti ń ṣe òbí wọn léṣe jù nìyí. “Ẹ jókòó, Mà, a máa ṣe é.” Ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbálẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ń fọ abọ́, wọ́n ń gbé oúnjẹ bá a lórí ibùsùn. Ọ̀wọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan tí a kò lò, ara á kó o dànù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn àgbà tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá péré; ẹran ẹsẹ̀ tí wọ́n pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan.

Ẹ gba iṣẹ́ tó lè pa á lára: fífa omi kànga, gígun àpótí láti mú nǹkan lókè, gbígbé ìkòkò gbígbóná. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún un: kó gbá yàrá ara rẹ̀, kó fọ aṣọ kékeré, kó ṣa ẹ̀wà, kó bó ẹ̀gúsí, kó rìn lọ ra àkàrà ní ìta. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Oúnjẹ náà, kó dìde wá jẹ ẹ́ nídìí tábìlì.

Eré ìdárayá wo ló bá a mu?

Èyí tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára àti èyí tó ń jẹ́ kí ìdúró fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọ̀sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 fún àwọn tó ti tó ọdún 65 sókè. Ìrìn nìkan dáa, kò tó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: dídìde àti jíjókòó lórí àga lẹ́ẹ̀márùn-ún sí mẹ́jọ, ìsinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà kó di irin fèrèsé mú, kó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kó rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ọwọ́ wà nítòsí ògiri. Bó bá ti rọrùn, ẹ fi iye kún un. Ẹni tó ń ṣe márùn-ún kan náà láti oṣù kẹta kò lágbára sí i mọ́. Ìrora díẹ̀ nínú ẹran itan lọ́jọ́ kejì kì í ṣe àrùn. Àyà tó ń dunni, òòyì, tàbí èémí tí kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má retí nǹkan kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé.

Oògùn rẹ̀ ti pọ̀. Ṣé ó lè jẹ́ òun ló ń sọ ọ́ di aláìlera?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú lọ́ra kan: ti ilé ìwòsàn, ti kẹ́míìsì, àgbo, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Bó bá ti tó márùn-ún, ẹ ní kí dókítà tàbí apòògùn yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan wà tí a máa ń kọ́kọ́ fura sí. Piriton tí wọ́n ń lò láti fi sùn máa ń da orí àgbà rú, ó ń mú ìgbẹ́ gan, ó sì lè dí ìtọ̀ lọ́nà. Diazepam máa ń pẹ́ lára àgbà, á ṣì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún orúnkún ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Daonil fún àtọ̀gbẹ, bí àgbà bá lò ó tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lóru débi àìmọra. Oògùn làkúrègbé inú ike tí kò ní àkọlé, tó mú kí Bàbá máa rìn bí ọ̀dọ́ láàrin ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da prednisolone tàbí dexamethasone mọ́ ọn. Lílò rẹ̀ pẹ́ ń jẹ iṣan, dídá a dúró lójijì sì léwu, nítorí náà ẹ gbé e lọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó dá a dúró.

Bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde, ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ báyìí: kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n, kó dìde dúró, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ tàbí tìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó kọ oògùn. Wọ́n sábà máa ń wọn ìfúnpá àgbà lórí ìjókòó nìkan, èyí ò sì lè fi í hàn.

Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kò fara pa. Ṣé ká gbàgbé ẹ̀?

Ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lè ṣubú sí i, ẹ̀rù ìṣubú nìkan sì tó láti dá a jókòó. Ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe gan-an nígbà náà: ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni, ṣé ó ń sáré lọ tọ̀ ni, ṣé ó fẹsẹ̀ kọ ni, àbí kò tiẹ̀ mọ bó ṣe dé ilẹ̀? Èyí tó kẹ́yìn yìí gba kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì tó sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí ọrùn eegun itan ti dá. Ilé ìwòsàn ni, ní ọjọ́ yẹn gan-an. Àwọn tó ń to eegun nílé mọ iṣẹ́ wọn lórí apá ọmọdé, ṣùgbọ́n eegun itan àgbà tí wọ́n dì ní igi tí wọ́n sì ní kó dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì máa ń mú egbò ẹ̀yìn, òtútù àyà àti ẹ̀jẹ̀ dídì wá. Ẹni tó forí sọlẹ̀ tó sì ń lo warfarin tàbí aspirin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ gbé e lọ bí kò tiẹ̀ sọ pé ó ń dun òun.

Nínú ilé, balùwẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Táìlì tó ń dán pẹ̀lú ọṣẹ, ìloro tó ga láàrin yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, sílípáàsì tí kò ní ohun tó di gìgísẹ̀ mú, rọ́ọ̀gì tí etí rẹ̀ ká sókè, òkùnkùn nígbà tí iná bá lọ. Irin tí àgbà máa dì mú, ẹ kàn án wọ inú búlọ́ọ̀kù. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ táìlì á já lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀ jù. Kó jókòó wẹ̀ lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Tọ́ọ̀ṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, pó kan lábẹ́ ibùsùn fún ìtọ̀ òru.

Lójijì ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Ṣé ó ti ń ṣarán ni?

Àrùn ìgbàgbé kì í dé láàrin ọjọ́ méjì. Ohun tó bá dé lójijì, tó ń lọ tó ń bọ̀, tó le sí i lálẹ́, wàhálà kan ló wà nínú ara: ibà, àkóràn ìtọ̀, òtútù àyà, ìtọ̀ tó dí, ìgbẹ́ tó gan, omi tó tán lára, ṣúgà tó já wálẹ̀, oògùn tuntun. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ wọn ṣúgà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Irú kan wà tí kì í pariwo: àgbà kàn ń sùn ṣáá, kì í dáhùn dáadáa, oúnjẹ ń dúró lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní ó ń sinmi. Òun ni wọ́n máa ń pẹ́ gbé wá jù. Àdúrà lè máa lọ nínú mọ́tò. Ẹ má fi í dá ọkọ̀ dúró.

Èkó ni a wà, àwọn kan wà lókè òkun. Báwo la ṣe máa mọ̀ lórí fóònù?

“Ṣé ẹ ti jẹun, Mà?” kò wúlò. “Mo ti jẹ, ọmọ mi” ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ béèrè ohun tó jẹ lánàá, ta ló sè é, ta ló bá a jẹ ẹ́. Ẹ béèrè ìgbà tó jáde kọjá géètì kẹ́yìn. Lórí ìpè aláwòrán (video call), ẹ ní kó lọ bá yín mú nǹkan kan wá láti yàrá, ẹ wá máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti bí èémí rẹ̀ ṣe rí nígbà tó bá padà jókòó.

Ẹni tó ń tà níwájú ilé mọ̀ ju àwọn ọmọ lọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá wálé fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ gbé fọ́tò ọdún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pá.

Ẹ má pè é ní aláìlera lójú. Kò sí àgbà tó máa gbà. Ẹ bá a sọ ohun tó fẹ́ ṣe: “Kí ẹ lè dá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ láìdúró de ẹnikẹ́ni.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ń lo ọ̀pá máa ń yí i lọ́kàn padà ju ọmọ lọ.

Ọ̀pá tí kò bá gígùn rẹ̀ mu burú ju àìní ọ̀pá lọ. Kó wọ bàtà, kó dúró, kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀: orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló máa fi mú un. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni. Kí rọ́bà wà nídìí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ rọ́bà náà bó bá ti dán.

Ó ń yí káàkiri ilé àwọn ọmọ, oṣù mẹ́ta níbí, oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ṣé ó pa á lára?

Ó lè pa á lára. Balùwẹ̀ tuntun, ìloro tuntun, òru tí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Oògùn á dá dúró láàrin, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ti rù, torí ẹni tó rí i lóṣù kẹta kọ́ ló ń rí i lóṣù kẹfà. Kí ìwé kan ṣoṣo máa tẹ̀ lé e: oògùn, ìwọ̀n apá, àyẹ̀wò àga, ọjọ́ tó ṣubú.

Níbo la máa gbé e lọ ní Ìbàdàn?

Ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín fún ìfúnpá, ṣúgà àti ìwọ̀n. Bí àmì bá ti tó mẹ́ta, tàbí ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan, ẹ lọ síbi tí dókítà tó ń tọ́jú àwọn arúgbó wà. UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ní ibùdó tirẹ̀ fún àwọn arúgbó, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012. Ẹ kó lọ́ra oògùn dání, ìwé àyẹ̀wò yín, awò ojú rẹ̀, àti ẹni tó ń bá a gbé lójoojúmọ́. Ọmọ tó lówó jù kọ́ ló máa ń mọ ìdáhùn tí dókítà ń wá.

Dókítà ní kó ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá tàbí ti próstéètì. Ṣé ara rẹ̀ á gbà á?

Ọjọ́ orí nìkan ò lè dáhùn èyí. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ àti ẹni tó máa fún un ní oògùn oorun bó ṣe ń rìn, iye tó fi rù, ìgbà tó ṣubú, àti bóyá orí rẹ̀ ti dàrú rí nígbà àìsàn. Àwọn dókítà kan á fi í sí ipò kan lórí òṣùwọ̀n tí Kenneth Rockwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Kánádà ní 2005, tó lọ láti 1, ẹni tí ara rẹ̀ le, títí dé 9 báyìí, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹ béèrè èyí ní tààrà: “Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣé á ṣì lè dá wẹ̀, kó sì dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀?” Fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti ga lórí òṣùwọ̀n yìí, fífi ìpá tí kò dùn ún sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án lè sàn jù, ṣùgbọ́n èyí tó dí ìfun tàbí ìtọ̀ pátápátá kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ bẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ fi ẹyin, ẹ̀wà àti eré àga yẹn kún agbára rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó jókòó lórí àga lọ́jọ́ kejì bí dókítà bá gbà, kí awò ojú rẹ̀ wà lójú, kí ẹni tó mọ̀ dáadáa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́, kí ẹ sì béèrè lójoojúmọ́ ìgbà tí wọ́n máa yọ rọ́bà ìtọ̀, torí bó bá ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀ ni àkóràn ń sún mọ́ ọn.